Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa iṣẹ́ ìlú ọjọ́ Sátidé

Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. O ní o kò rí ìdí tí ilé ìwé fi ń kó yín lọ kó gọ́tà ní Òkèlélè, ní Ìlọrin, ní gbogbo Sátidé nígbà tí WAEC ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo gbọ́, ọmọ tó bá ń ronú ìdánwò rẹ̀ láti SS2 kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n má ṣe fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ló yẹ kó yí padà.

Tí ẹ bá kàn kó gọ́tà tí ẹ sì padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ ti ṣe ìmọ́tótó, ẹ kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ìwé yín bá bá ọwọ́ yín lọ sójú iṣẹ́ ló tó di ẹ̀kọ́.

Wò ó. Olùkọ́ agùnbánirọ̀ yín ní torí ibà ni. Ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé ibà ká, o ti kà á nínú báyọ́lọ́jì. Omi gọ́tà dúdú kì í wù ú tó omi òjò tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń pa: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà ọkọ̀, kòtò ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀fọn mìíràn tó ń jẹ́ Culex ló kúndùn gọ́tà, òun kì í sì í gbé ibà. Bí ẹ bá kó gọ́tà tán tí ẹ fi adágún omi òjò sílẹ̀, ẹ ṣì fi ibà sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná bí iná lé ọwọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Láti ẹyin títí di ẹ̀fọn tó ń fò máa ń gba bí ọjọ́ 7 sí 14. Sátidé kan sí èkejì jẹ́ ọjọ́ 7. Bí ẹ bá ń da omi wọ̀nyẹn nù tàbí tí ẹ ń dí kòtò wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tanwíji inú wọn kò ní ráyè dàgbà. Ẹ mú ìwé dání. Ẹ kọ ibi tí adágún kọ̀ọ̀kan wà, bó ṣe fẹ̀ tó, bóyá tanwíji wà níbẹ̀, kí ẹ sì ya á sórí gíráàfù nínú kíláàsì. Bí WAEC bá béèrè ìdàgbàsókè ẹ̀fọn, o ti fi ojú ara rẹ rí i.

Èyí tó jù lójú mi rèé: kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ lọ kí alángùá, olórí àdúgbò. Ẹ kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní àdúgbò Dàda, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí omi ti ń dúró tí òjò bá rọ̀. Wọ́n mọ ilẹ̀ yẹn jù yín lọ. Ó lè jẹ́ pé kànga tó ń gbẹ ni ìṣòro wọn, kì í ṣe ẹ̀fọn rárá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kànga yẹn ni kí ẹ lọ wọ̀n. Ẹni tó wá ran ìlú lọ́wọ́ láìbéèrè ń da ìlú láàmú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1956 tí Tai Solarin ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ìwé. Ní Maryland, Amẹ́ríkà, òfin 1992 ní kí ọmọ girama ṣe wákàtí 75 iṣẹ́ ìlú kó tó jáde, tàbí ètò mìíràn tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Èmi ò fẹ́ràn kíka wákàtí, torí ọmọ lè jókòó sábẹ́ igi kó sì kún wákàtí tirẹ̀. Ìwé tí o bá kọ ni kí o fi hàn mí.

Má fi ọwọ́ lásán kan gọ́tà o. Mo ti fi bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rán dẹ́rẹ́bà, lọ gbà á ní Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin níbẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.