Bàbá Ìbejì, àwọn ímeèlì rẹ kò sọnù

Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, 2025.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Leeds o. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp já mi láyà. Mo rò pé ẹnì kan ló kú. Àfi ìgbà tí o dárúkọ ìwé ilẹ̀ Mọ́níyà ni mo tó mọ ohun tó ń dùn ọ́: o rò pé àwọn ímeèlì rẹ, àti ìwé ilẹ̀ tó wà nínú wọn, ti sọnù.

Fọkàn balẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá ọ pa Windows 10 rẹ́, tó fi 11 sí i, gbọ́n: ó kọ́kọ́ da gbogbo fódà Users kọ sórí díráìfù. Ibẹ̀ ni àwọn ímeèlì rẹ wà. Thunderbird tuntun, ètò tí o fi ń ka ímeèlì, ni kò mọ ibẹ̀, ló fi ń bi ọ́ ní orúkọ bí àlejò.

O ní o fi orúkọ wá ìwé àwòrán ilẹ̀ náà lórí díráìfù, o ò rí PDF kankan. O ò lè rí i bẹ́ẹ̀. Thunderbird kì í sábà tọ́jú lẹ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Gbogbo èyí tó bá wọ Inbox, inú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Inbox ló ń tò wọ́n sí, kò sì sí .pdf tàbí .doc lẹ́yìn orúkọ fáìlì yẹn. Ohun tí wọ́n bá so mọ́ lẹ́tà, inú rẹ̀ náà ló ń wà, nígbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà jágbajàgba. Ohun tí surveyor fi ránṣẹ́ sí ọ wà níbẹ̀. Má fi Notepad ṣí i o, fáìlì tó tóbi tó yẹn á mú ẹ̀rọ rẹ kú sára.

Ṣí díráìfù náà, wọ Users, wọ orúkọ rẹ, kí o wá tẹ̀ lé AppData, Roaming, Thunderbird, Profiles. Windows máa ń fi AppData pamọ́: tẹ View, Show, kí o fi àmì sí Hidden items. Nínú Profiles, wàá rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ kò nítumọ̀, tó parí sí .default-release. Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó wúwo jù ni kí o mú.

Da fódà yìí kọ sórí kọ̀ǹpútà kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ti orí díráìfù lè wà bó ṣe wà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Bó bá jẹ́ fláàṣì lo fẹ́ lò, mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi ìlànà àtijọ́ tó ń jẹ́ FAT32 ṣètò kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB, bẹ́ẹ̀ Inbox tìẹ, pẹ̀lú bí o kì í ṣe pa nǹkan rẹ́, lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, nínú Thunderbird, tẹ Help, Troubleshooting Information, wá about:profiles, tẹ Create a New Profile, kí o sì fi Choose Folder mú ẹ̀dà tó o ṣe. Ó yẹ kí lẹ́tà, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ padà wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá kọ̀, Inbox nìkan la máa mú. Ó wà lábẹ́ Mail. Èyí tó ń jẹ́ Inbox.msf tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà, atọ́ka lásán ni, fi í sílẹ̀. Ti Thunderbird pa, sọ Inbox náà ní orúkọ mìíràn, kí o gbé e sínú Local Folders ti fódà tuntun. Má gbé e sínú ImapMail láé! Ohun tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ímeèlì, mu, èyí tí sáfà ò ní, Thunderbird á pa á rẹ́.

Ti Gmail rẹ kò ní wàhálà, ọ̀dọ̀ Google ni wọ́n wà, wàá kàn wọlé ni. Àpótí àtijọ́ tí o ń fi POP gbà, ìyẹn ọ̀nà tó ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà rẹ, tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti kógbá wọlé, òun ni kò sí níbòmíràn mọ́.

Tí Thunderbird bá bi ọ́ bóyá kó ṣe Compact, ìyẹn kó gbá fáìlì náà mọ́ kó lè kéré sí i, sọ pé rárá ná. Lẹ́tà tí o ti pa rẹ́ ṣì máa ń wà nínú fáìlì yẹn títí dìgbà tí o bá ṣe é, mi ò sì mọ ohun tí o ti fi ìbínú pa rẹ́ nígbà tí ìwọ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ń jà.

Sọ fún mi bí Inbox náà ṣe tóbi tó kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń wà nílé lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, bí iná bá wà. Bá mi kí Ìyá Ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Dọlá.