Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Yín Ní Oúnjẹ Sísè Kí Wọ́n Tó Jápa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọpọlọ. Àwọn òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àwọn tọ́mọ wọn ń múra àti jápa wá sí ìlú Ọba níbí. Ẹni tó bá dúró ní Heathrow lọ́jọ́ tí báálù Èkó bá balẹ̀ á rí bàágì ńláńlá, èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí lílọ̀, ata gbígbẹ, ìyá ti fi náílọ́ọ̀nù méjì mẹ́ta di gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wọ́ ẹrù yẹn bọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Ó ń ká mi lára gan-an.

Ẹrù yẹn gan-an, òmíràn ò lè wọlé. Ẹran, ì báà ṣe kìlíṣí àbí ògúnfe díndín, ìjọba ibí ò gbà kí èèyàn gbé e wá láti Nàìjíríà, wàrà náà ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀wà wa ńkọ́, láti ọdún 2015 ni Yúróòpù ti fòfin dè é torí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹ̀, ìlú Ọba ṣì wà lára wọn nígbà yẹn. Táwọn aṣọ́bodè bá rí i, wọ́n á gbà á, ibi ìdalẹ̀sí ló ń lọ, owó àti wàhálà ìyá ló sì bá a lọ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa wá tì ní London. Ẹ lọ sí Rye Lane ní Peckham, ẹ lọ sí Ridley Road ní Dalston, iṣu Ghana wà ńlẹ̀, pọ̀nmọ́ wà, irú wà. Ata rodo kún ọjà Brixton torí àwọn ará Jamaica náà ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ewédú, ẹ lọ wo fíríìsà àwọn ṣọ́ọ̀bù Lárúbáwá, àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́ dáadáa, molokhia ni wọ́n kọ sára ẹ̀, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sáà ti dà á sínú omi gbígbóná pẹ̀lú irú àti kánún díńkín, kò ní pẹ́ tó fi máa fà, ẹ ò tiẹ̀ nílò ìjábẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará India sì lẹ ti máa rí ẹ̀wà tí wọ́n ti bó sílẹ̀, chora dal ni kẹ́ ẹ béèrè, gbẹ̀gìrì ti yá nìyẹn. Ewé eéran nìkan ló ṣòro díẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ti ń fi abọ́ kéékèèké se mọ́ínmọ́ín.

Ọmọ Èkìtì kan wà níbí tó wá ṣe másítàsì, èlùbọ́ tí ìyá ẹ̀ dì fún un ò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, búrẹ́dì òun Indomie ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Nígbà tó wá kí wa nílé mo gbé ìkòkò fún un, mo ní ó yá, màá dúró tì ẹ́. Omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa. Iná mànàmáná ibí kì í sì í tutù kíákíá bíi ti gáàsì, tẹ́ ẹ bá pa á ó ṣì ń gbóná, torí náà ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa da èlùbọ́ jíjọ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa fi orógùn rò ó bẹ́ ẹ ṣe ń dà á, èyí tó bá ṣe kókó kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò títí á fi fọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dé e, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré kó jinná, ẹ tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó dán. Ọmọkùnrin yẹn rò ó kúnná! Ọmọ ọdún 26, kò sẹ́ni tó pè é wá sílé ìdáná rí, wọ́n ní ọkùnrin ni. Níbí, ta ló fẹ́ bá a sè é?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà ni mò ń sọ. Nígbà òtútù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ á ti ibi iṣẹ́ wọlé, kò sẹ́ni tó máa kí i káàbọ̀. Ó yàtọ̀ pátápátá tó bá lè fúnra ẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná, kí òórùn irú gba gbogbo yàrá, kó jẹ ẹ́ gbígbóná.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ìyá wa láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí wọ́n máa ṣàlàyé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan yékéyéké, èlùbọ́ ife mélòó, omi ife mélòó, torí “bù ú bó ṣe yẹ” ò lè yé ẹni tí ò sè é rí. Ẹ̀yin òbí, Sẹ́tẹ́ńbà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibí máa ń wọlé, ẹni tọ́mọ ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún yìí, kó pè é wá sídìí ààrò láti Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kó gbé orógùn lé e lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Peckham, London.