Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí àárẹ̀ tí oorun kò lè lé lọ

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé bí a bá pẹ́ lórí fóònù, ńṣe ni ó máa ń rẹ̀ ọ́.

Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti dá ọ dùbúlẹ̀ ni o ti ń bi mí bóyá o ti di ọ̀lẹ. O kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Àìsàn gidi ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ME/CFS, ìyẹn àìsàn àárẹ̀ líle tí oorun kò lè lé lọ, láti ọdún 1969 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn àrùn ọpọlọ àti iṣan. Kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fi í hàn. Nítorí náà, nígbà tí dókítà ní òun kò rí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àrùn mìíràn lára rẹ, kò túmọ̀ sí pé ó ní irọ́ ni o ń pa.

Ọjọ́ tí ara rẹ bá yá ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wàá fọṣọ, wàá gbálẹ̀, wàá tún wọ mọ́tò lọ sí ọjà Bódìjà, bí ẹni tí ó fẹ́ san gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyà rẹ̀ kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí o tó ṣubú lulẹ̀, kí o má sì lè dìde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo bẹ̀ ọ́, dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tí agbára ṣì kù. Jókòó bí o bá ń gé ẹ̀fọ́, kí àbúrò rẹ sì máa lọ sọ́jà.

Àwọn ẹbí yóò sọ pé kí o máa sáré láàárọ̀ kí ara rẹ lè le. Dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n má gbà. Ní ọdún 2021, NICE, àjọ tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n má ṣe fi eré ìdárayá tí a ń fi kún díẹ̀díẹ̀ tọ́jú àìsàn yìí mọ́. Má sì ra àgbo lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní òun yóò wò ó tán, torí kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó.

Ní ti iṣẹ́, kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ kí wọ́n dín wákàtí rẹ kù. Bí owó oṣù bá tipa bẹ́ẹ̀ dín, èmi àti bàbá rẹ ti fẹnu kò pé àwa ni a ó san owó ilé rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.