Ọkọ náà gbọ́dọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìpolówó kan tí mo rí nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Alágbo kan ní ìgò kan ṣoṣo ni òun fi ń lé àtọ̀sí, tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ìnfẹ́ṣọ̀n àti stáfù jáde lára ọkùnrin, àti pé ìyàwó ilé kò ní mọ̀ pé ọkọ lo oògùn kankan. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo ń bá jà.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan nílùú Ìbàdàn. Àwọn ìyàwó tí wọ́n ní wọn ò ní mọ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀.

Tí ọkùnrin bá kó àtọ̀sí, kì í sábà pẹ́ kó tó mọ̀: ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Á sáré lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á já kápúsù mẹ́rin fún un, ara á tù ú díẹ̀, lójú tirẹ̀ ó ti tán. Ìyàwó ní tirẹ̀ lè má rí nǹkan kan. Àtọ̀sí àti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, lè wà lára obìnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ìrora, kí wọ́n máa gòkè díẹ̀díẹ̀ wọ ilé ọmọ, títí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà á fi dí. Tó bá yá, ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ-ọmọ, wọ́n á máa mú ìyàwó kiri orí òkè àdúrà. Ta ló tún máa rántí kápúsù mẹ́rin?

Kápúsù mẹ́rin ọ̀hún náà kò wo nǹkan kan. Penisilíìnì tí wọ́n fi ń wo àtọ̀sí láyé àwọn bàbá wa kò ràn án mọ́, tẹtirasáíkílìnì náà ò ràn án. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ló kù tí a gbójú lé, àwọn ibì kan sì wà lágbàáyé tí kòkòrò yìí ti ń bá òun náà fà á. Oògùn apakòkòrò tí à ń rà ní ẹyọ ẹyọ, tí a kì í lò pé, wà lára ohun tó sọ kòkòrò di alágídí.

Ti sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ló máa ń dùn mí jù. Egbò tí kì í dunni ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, egbò á jinná fúnra rẹ̀, alágbo á sì gba ọpẹ́, ṣùgbọ́n àrùn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí obìnrin bá fi lóyún, ó lè pa ọmọ sínú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín láti orí ìka la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, èsì á ti jáde kí aboyún tó jẹ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ tán. Abẹ́rẹ́ penisilíìnì ló ń wò ó, èyí ṣì ń ràn án dòní.

Lẹ́yìn èsì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin á ká ìwé náà kékeré, á kì í bọ etí ìró. Mo máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ mú bàbá àwọn ọmọ wá, àwọn náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́." Á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á ní èmi ni mo kó o wálé." Kò parọ́. Ẹni tí àyẹ̀wò bá kọ́kọ́ bá ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù, aboyún sì rèé, òun ni à ń yẹ̀ wò. Ọkọ kì í lóyún, kò sẹ́ni tó gún òun níka. Àwọn míì á bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ pé ilé ìgbẹ́ ni wọ́n ti kó o. Orí àga ìgbẹ́ kọ́ ni èèyàn ti ń kó àtọ̀sí tàbí sífílíìsì, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń dì í mọ́ ọn: ilé ìgbẹ́ kì í bínú, kì í sì í lé ìyàwó jáde.

N kò sọ pé ọkọ ló ń kó o wálé nígbà gbogbo o. Ó lè ti wà lára ẹnì kan kí wọ́n tó fẹ́ra, èsì àyẹ̀wò kò sì lè sọ ta ló kọ́kọ́ ní in. Ohun tó dá mi lójú ni pé bí a bá wo ìyàwó tí a fi ọkọ sílẹ̀, àárín oṣù kan náà, àrùn lè ti padà dé.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba irú ìpolówó yẹn mọ́, iyekíye tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ fi àyè rẹ̀ kọ ọ́ fáwọn òǹkàwé pé kí ọkọ àti ìyàwó gba ìtọ́jú pọ̀, kí wọ́n yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn ìtọ́jú àtọ̀sí. Pé kọ́ńdọ̀ọ̀mù tó ti ń gbóná nínú pọ́ọ̀sì látọdún tó kọjá kì í ṣe ààbò. Ẹ fi kún un pé láti ọdún 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14, nítorí HPV ni kòkòrò ìbálòpọ̀ tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ọkọ tó bá ń tijú àtijókòó láàárín aboyún, kó wá lọ́sàn-án nígbà tí èrò bá ti túká. Kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ibi tó ti kó o.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan,
Ìbàdàn.