Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Bá Wa Po Ìyẹ̀fun

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń lé ọmọ ọdún 4 kúrò ní ilé ìdáná tí wọ́n bá fẹ́ yan búrẹ́dì tàbí kéèkì. Mo mọ ìdí rẹ̀: ìyẹ̀fun á dà sílẹ̀, iṣẹ́ á sì pẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ fún ọmọ ní ife kan àti ìlàjì ife, kó máa fi kékeré bu ìyẹ̀fun sínú ńlá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó kún! Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ṣàkíyèsí pé tí a bá da omi láti inú ife fífẹ̀ sínú ife gígùn tó tín-ín-rín, ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 7 sábà máa ń sọ pé omi náà ti pọ̀ sí i. Lójú tèmi, bíbù àti dídà ló ń tún irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe, kì í ṣe àlàyé ẹnu.

Ìwúkàrà ńkọ́? Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kí ìyẹ̀fun wú. Ọmọ tó ń yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún (tèmi kì í tilẹ̀ jẹ́ kó tó márùn-ún) ń kọ́ sùúrù láìsí ìbáwí.

Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n máa lá ìyẹ̀fun pípò tí a kò tíì yan. Kòkòrò àrùn Salmonella lè wà nínú ẹyin tútù, ó lè wà nínú ìyẹ̀fun pàápàá. Ti ààrò gbígbóná, iṣẹ́ àgbà ni.

Èmi ni,
Òbí kan