Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: marzipan ṣokoléètì wa ti di oríṣi méjì

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n gógó yìí. Láti ìsinsìnyí lọ, páálí méjì ni ẹ ó máa bá ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Oríta Ọláìyá, Òṣogbo: èyí tí a fi álímọ́ńdì ṣe àti èyí tí a fi ẹ̀pà ṣe. A kọ ohun tó wà nínú kálukú sí i lára gàdàgbà-gadagba. Iye wọn kò dọ́gba, ìbéèrè sì ti pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń kùn pé ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ máa ta ẹ̀pà fún àwọn ní owó álímọ́ńdì. Rárá o. Torí kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ la ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀.

Marzipan kò le rárá. Álímọ́ńdì tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà títí tó fi ṣeé mọ lọ́wọ́ ni. Ìlú Lübeck ní Jámánì lorúkọ rẹ̀ ròkè jù. Ilé iṣẹ́ Niederegger ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1806. Àwọn ará Toledo ní Sípéènì náà kì í fi tiwọn ṣeré. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Mẹ́síkò, ẹ̀pà ni èyí tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ti ẹ̀pà kì í ṣe ojúlówó, kó lọ bá àwọn ará Mẹ́síkò jà.

Ẹ dákun, álímọ́ńdì tí à ń wí yìí kì í ṣe fúrúùtù tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣà lábẹ́ igi. Igi ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ inú fúrúùtù ṣeé jẹ, ó sì dùn, ta ni kò fi òkúta fọ́ ọ rí ní kékeré? Àmọ́ bíńtín ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní dandan òun ni ká fi ṣe páálí kan, kó gbé òkúta tiẹ̀ wá ká jọ fọ́ ọ.

Álímọ́ńdì gan-an kì í hù lọ́dọ̀ wa. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń kó jáde lágbàáyé, bíi mẹ́jọ ló ń wá láti California ní Amẹ́ríkà, dọ́là la sì fi ń rà á. Ti kòkó ló ń yà mí lẹ́nu. Àwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà ń gbìn ín nítòsí wa níbí, síbẹ̀ ọjà òkè òkun ló ń bu iye lé e. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là. Ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tó bá ti gun òkè lọ́jà wa, ó máa ń pẹ́ kó tó rántí ọ̀nà ilé.

Ẹni tó bá kúkú fẹ́ ṣe é fúnra ẹ̀ nílé, n kò fi pamọ́. Ẹ wá álímọ́ńdì tàbí ẹ̀pà gíráàmù 200, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń ṣe ara kéèkì gíráàmù 150, kòkó lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, oyin ṣíbí méjì, àti iyọ̀ díẹ̀ báyìí. Kòkó pọ́ńbélé ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po mílíìkì àti ṣúgà mọ́ tí à ń fi mu tíì.

Tó bá jẹ́ álímọ́ńdì, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi ìka méjì fún un: ṣe ni yóò fò yọ nínú èèpo rẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ̀pà ní tiẹ̀, ẹ yan án níwọ̀nba, kí ẹ fọwọ́ ra á, kí ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni lílọ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ aláta ní Ọjà Ìgbọ̀nà o! Bó ti wù kí wọ́n fọ ẹ̀rọ yẹn tó, òórùn rodo á bá yín délé. Bílẹ́ńdà gbígbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ da ìdajì ṣúgà yẹn mọ́ ọn, torí òun ló ń fa epo mu. Ẹ tẹ bílẹ́ńdà, ẹ jáwọ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń sáré lọ láìdúró, yóò gbóná, epo yóò sì yọ, bí ìgbà tí wọ́n ń fún epo lára ẹ̀pà kúlíkúlí ni. Tó bá ti di bọ́tà, ẹ fi jẹ búrẹ́dì, kò tún ṣeé mọ mọ́.

Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ da kòkó, iyọ̀ àti ìyókù ṣúgà sí i, kí ẹ máa ro oyin sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ pò ó. Yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò ní dì. Ẹ má bu omi sí i, omi ló ń jẹ́ kó tètè bu. Ẹ máa pò ó lọ, ooru ọwọ́ yín yóò mú un dì mọ́ra. Àwọn mìíràn ń fi funfun ẹyin tí wọn ò sè po tiwọn. Nínú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ẹyin kò sí nínú tiwa. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kó wà nínú fíríìjì fún wákàtí kan, kí ẹ tó gé e.

Ẹ lè yọ́ ṣokoléètì sínú abọ́ tí ẹ gbé lé orí omi gbígbóná, kí ẹ rì í sínú rẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kán sí ṣokoléètì yẹn, torí ṣe ni yóò ṣù. Bí ẹ bá rí funfun lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò bàjẹ́, ọ̀rá kòkó ló yọ́ tó tún dì. Bíi 34°C ló ń yọ́, ọ̀sán oṣù Kẹta ní Òṣogbo sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ti ẹ̀pà ni màá mú. Ẹ̀pà lè dojú kọ ìkorò kòkó. Kòkó máa ń bo álímọ́ńdì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi po kòkó mọ́ ti álímọ́ńdì tiwa, ìta rẹ̀ nìkan la ń fi ṣokoléètì bò.

Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìkankan nínú méjèèjì. Bílẹ́ńdà kan náà la fi ń lọ̀ wọ́n, orí tábìlì kan náà la ti ń gé wọn.

Àwọn tó máa ń ra tiwọn lọ sí Èkó tàbí Àbújá lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, ẹ tètè sọ fún wa. Ti ẹ̀pà tí a po kòkó sí nínú, tí a kò fi ṣokoléètì bò, la ó dì fún yín. Òun ni kì í yọ́ síni lọ́wọ́ nínú mọ́tò.