Ta ló pa ajá Bàbá?

Sí ìwọ tí o jẹ́ èmi nígbà kan,

Mo mọ ibi tí o wà. O jókòó sídìí ẹ̀rọ tí a fi ń to ohùn, hẹ́dífóònù bo etí rẹ, ènìyàn 22 wà lórí pèpéle níwájú rẹ: gòjé rẹpẹtẹ, fèrè alápò méjì, bánjò, accordion tí a ń fà tí a ń tì, hurdy-gurdy kan ṣoṣo, àti ọkùnrin kan tí tábìlì rẹ̀ kún fún wáyà. Ohùn kan ń han bí eṣinṣin inú ìgò. O wá a títí, o rí i pé inú hurdy-gurdy ló ti ń wá, o fa bọ́tìnnì wálẹ̀, ọkàn rẹ balẹ̀.

Ajá lo pa yẹn.

Kẹ̀kẹ́ onígi kan wà nínú hurdy-gurdy tí wọ́n fi oje igi pa lára. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ó ń ha okùn bí ọ̀pá gòjé tí kì í tán, ọwọ́ òsì sì ń tẹ orin. Ọ̀kan nínú àwọn okùn náà gun orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò dúró gírí. Bí ọwọ́ bá já kẹ̀kẹ́ lójijì, ẹsẹ̀ yẹn a gbọ̀n lórí pátákó, a han. Àwọn ará Faransé ń pe igi yìí ní ajá. Ẹni tó ń yí kẹ̀kẹ́ ló ń mú un gbó, kí ijó lè ní ìlù níbi tí kò sí onílù.

Ìyẹn ni Bàbá tó ni hurdy-gurdy ṣe dúró láàárín orin, tó bèèrè pé, “Ta ló pa ajá mi?” O ní, “Ẹ má bínú sà, ariwo ni mo fẹ́ mú kúrò.” Ó wò ọ́ lọ, ó wò ọ́ bọ̀. (Ojú ṣì ń tì mí.)

O rò pé oníwáyà ló gbé ohun àjèjì wá, pé iṣẹ́ tìrẹ ni kí o nu àwọn àgbà ohun èlò kí wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n wo orin tí ẹ ń dán wò, In C tí Terry Riley, olùkọ orin ará Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1964. Gbólóhùn orin kéékèèké 53 ni. Kò sọ iye ènìyàn, kò sọ irú ohun èlò. Oníkálùkù ń lu ọ̀kan títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó tó bọ́ sí èkejì. Pauline Oliveros, alaccordion, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní San Francisco. Lọ́dún 1988, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wọ inú àgbá omi òfìfo kan lábẹ́ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí ohùn ti ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 45 kó tó kú. Ohùn tí kì í fẹ́ kú ni wọ́n wá lọ. Fèrè alápò ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ayébáyé.

Ìdí nìyẹn tí oníwáyà fi jókòó ti Bàbá. Ajá yẹn ló ń gbà sínú ẹ̀rọ, tó ń fà á gùn, tó ń dá a pa dà fún àwọn olùgòjé. Nígbà tí o fa bọ́tìnnì wálẹ̀, òfìfo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Dá a pa dà síbi tó wà. Sún máíkì sẹ́yìn díẹ̀. Bàbá ti tún di kẹ̀kẹ́ mú. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń wò.